Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Sọ Tẹnu Rẹ̀ Tán

Ọmọ ní, "Mi ò fẹ́ lọ sí iléèwé mọ́." Kó tó mí, a ti dá a lóhùn: "Ọ̀lẹ ni ẹ́." A ti dájọ́, a ò sì tíì gbọ́ nǹkan kan.

Lẹ́nu iṣẹ́ ìgbaninímọ̀ràn tí mò ń ṣe fáwọn ọmọdé, ohun tí mo máa ń tẹnu mọ́ fún òbí ni pé ọmọ kì í sábà sọ gbogbo ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Díẹ̀ ló máa kọ́kọ́ sọ, á wá máa wo ojú yín. Bí ojú bá le, á gbé ìyókù mì. Èyí tó gbé mì yẹn sì lè jẹ́ kókó ọ̀rọ̀: ẹni tó ń lù ú, àgbàlagbà tó fọwọ́ kàn án níbi tí kò yẹ. Ọmọ mìíràn ò tiẹ̀ mọ ohun tó ń ṣe é. Ọmọ tí kò rí pátákó láti ẹ̀yìn kíláàsì lè má mọ̀ pé àwọn tó kù ń rí i. Ohun tó mọ̀ ò ju pé òun kórìíra iléèwé.

Inú rírun ńkọ́? Ìbẹ̀rù máa ń mú kí inú run ọmọ ní tòótọ́, kì í ṣe irọ́. Bó bá jẹ́ àárọ̀ ọjọ́ iléèwé nìkan ló ń ṣe é, ẹ wádìí ohun tó ń bà á lẹ́rù. Ṣùgbọ́n bí ìrora bá bẹ̀rẹ̀ nídìí ìdodo, tó wá sún sí ìsàlẹ̀ ikùn lápá ọ̀tún, tí ọmọ ń bì tàbí tára rẹ̀ gbóná, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbé e lọ kíá.

Ẹ jókòó tì í, ẹ gbé fóònù sílẹ̀. Ẹ ní, "Sọ fún mi, báwo ló ṣe ṣẹlẹ̀?" kẹ́ ẹ sì dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn ló máa ń nira jù fún òbí. "Ṣé tíṣà ló nà ẹ́?" ń fi ìdáhùn sí ọmọ lẹ́nu, pàápàá ọmọ kékeré. Bẹ́ ẹ bá sì ń bi í ní ìbéèrè kan náà léraléra, ó lè rò pé ìdáhùn àkọ́kọ́ ò tẹ́ yín lọ́rùn, kó yí i padà, kẹ́ ẹ wá pè é ní òpùrọ́. Ẹ má sì torí "lánàá" dá a lẹ́bi: lánàá ọmọ kékeré lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Agbọ́ẹjọ́-ẹnìkan-dájọ́, àgbà òṣìkà. Ẹni tí ọmọ fẹ̀sùn kàn náà ní tirẹ̀ láti sọ, àmọ́ ẹ má pè é wá bá ọmọ sọ ọ́ lójúkojú. Ẹ̀tọ́ ọmọ ni pé ká gbọ́ tirẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ tó kàn án. Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 1989 kọ ọ́ sí abala 12. Bí ọmọ bá sì bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ má sọ fẹ́nì kankan, ẹ má ṣèlérí yẹn. Ẹ sọ ẹni tẹ́ ẹ máa sọ fún, àti ìdí rẹ̀.