Kọ̀ǹpútà yẹ ìwé ìwádìí wò: kí ló rí gan-an?

Àwọn kan gbà pé bí kọ̀ǹpútà bá ti yẹ ìwé ìwádìí wò tí kò fi àmì sí i, òótọ́ ni iṣẹ́ náà. Àwọn mìíràn ní ìwé tó bá ti fi àmì sí, jìbìtì ni. Ìgbàgbọ́ òdì ni méjèèjì. Bóyá òǹkọ̀wé sọ ohun tó yẹ kó sọ ni irú sọ́fítíwíà bẹ́ẹ̀ sábà máa ń wá. Ọlọ́pàá ojú títì lè rí i pé pátíkúlà ọkọ̀ pé, kí bíréèkì rẹ̀ má sì mú.

Ní 2020, ìwé ìwádìí lórí Kòrónà ń ya wọ bioRxiv àti medRxiv, àwọn ìkànnì tí wọ́n ń gbé ìwé ìwádìí sí, kí àwọn onímọ̀ mìíràn tó ráyè yẹ̀ wọ́n wò. Àwọn olùwádìí kan kó sọ́fítíwíà oríṣiríṣi pọ̀, wọ́n pe àpapọ̀ rẹ̀ ní ScreenIT, ó sì ń gbé àbọ̀ jáde lórí àwọn ìwé náà: ṣé wọ́n sọ ibi tí dátà wà? Ṣé wọ́n jẹ́wọ́ ibi tí iṣẹ́ náà kù díẹ̀ káàtó sí?

Ọ̀kan nínú àwọn sọ́fítíwíà náà ni ODDPub, tí wọ́n ṣe ní Berlin. Gbólóhùn ló ń wá: orúkọ ibi ìkódátàsí bíi Zenodo tàbí GitHub, nọ́ńbà tí wọ́n fi forúkọ dátà sílẹ̀. “Ẹ béèrè lọ́wọ́ wa” kò wọlé níbẹ̀, ó sì dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣí fáìlì wò. Tábìlì tí ẹnikẹ́ni ò mọ ìtumọ̀ àkọlé rẹ̀ á kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ti statcheck, sọ́fítíwíà mìíràn, yàtọ̀, nítorí òun ń ṣírò. Ká ní ìwé kan kọ ọ́ pé t(28) = 2.20, p = .018. t ni èsì ìdánwò ìṣirò, 28 wá láti inú iye ẹni tí wọ́n yẹ̀ wò; p ń sọ bó ṣe ṣeé ṣe tó kí irú èsì bẹ́ẹ̀ ṣèèṣì wáyé bí kò bá sí ìyàtọ̀ gidi kankan. Sọ́fítíwíà yìí á tún p ṣírò láti inú nọ́ńbà méjì àkọ́kọ́, á rí .036, á sì fi àmì sí i. Kí ẹ tó pariwo, ẹ wò ó dáadáa: .018 jẹ́ ìdajì .036 géérégé. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n dán wò, bíi bóyá nǹkan pọ̀ sí i nìkan, láìwo bóyá ó dín kù. Bí wọ́n bá sọ bẹ́ẹ̀ níbi tí wọ́n ti ṣàlàyé ọgbọ́n ìwádìí wọn, kò sí ẹ̀sùn. Bí wọn ò bá sọ ọ́, ẹ bi wọ́n. Èyí tó burú ni kí ọ̀kan nínú p méjèèjì, èyí tí wọ́n kọ àti èyí tí statcheck ṣírò, wà lábẹ́ .05, ààlà tí wọ́n sábà fi ń mọ èsì tó já mọ́ nǹkan, kí ìkejì wà lókè rẹ̀. Nígbà tí olùwádìí Michèle Nuijten àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi statcheck yẹ àwọn ìwé inú jọ́nà ìmọ̀ ìrònú-òun-ìhùwàsí 8 wò, láti 1985 sí 2013, nǹkan bí ìdajì ìwé náà ló ní ó kéré tán p kan tí kò bá ìṣirò mu. Nínú ìwé mẹ́jọ-mẹ́jọ, ọ̀kan ní èyí tó lè yí àbájáde padà.

Ohun tí wọ́n kọ bí APA, ẹgbẹ́ onímọ̀ ìrònú-òun-ìhùwàsí ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ṣe là á sílẹ̀ nìkan ni statcheck sì ń kà. Ìwé tó bá kó gbogbo èsì rẹ̀ sínú tábìlì lè gba àbọ̀ tó mọ́ tónítóní, torí pé kò rí nǹkan kan kà. Iye èsì tó kà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Nọ́ńbà tí wọ́n hùmọ̀ tó sì bára mu á kọjá bákan náà.

SciScore, òmíràn nínú ScreenIT, máa ń wá bóyá wọ́n sọ pé wọ́n fi ẹni tó gba ìtọ́jú pa mọ́ fún ẹni tó ń wọn èsì. Nínú iṣẹ́ tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà ṣe àfarawé bí àìsàn ṣe ń tàn, kò sí aláìsàn kankan tí wọ́n fẹ́ fi pa mọ́, nítorí náà “a ò rí i” kì í ṣe àbùkù níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ìdánwò oògùn ni, ẹ lọ ṣí fáìlì àfikún. Ó lè jẹ́ ibẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí.