Òfin èéfín ni kí ẹ máa wò, ẹ má wo kàlẹ́ńdà

Ìbéèrè kan wà tí kì í tán ní ṣọ́ọ̀bù mi ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Oníbàárà á ti páwà báìkì rẹ̀ wọlé, á bọ́ ìbọ̀wọ́, á bọ́ akoto lórí. Kó tó sọ ohun tó ń ṣe báìkì, á kọ́kọ́ bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé àwọn èèyàn yìí ò ní ṣe tuntun ni?" Nígbà mìíràn Yamaha ló ń wí, nígbà mìíràn Honda. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tí wọ́n fi da etí mi láàmú tó Hayabusa ti Suzuki, torí láti 2008 títí wọ 2021, ọdún mẹ́tàlá gbáko, ẹ́ńjìnnì kan náà, férémù kan náà, ara kan náà ni wọ́n ń tà. Kò sí ọdún kan nínú ọdún wọ̀nyẹn tí mi ò tún un ṣe, mo sì gbọ́ gbogbo àlá tí àwọn tó ni ín ń lá nípa èyí tó ń bọ̀. Ìdí tó fi pẹ́ bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ ṣàlàyé, torí ohun tó dá a dúró nígbà náà ló ń dá èyí tí ẹ ń retí lónìí dúró.

Irú àṣá kan tó máa ń já ṣòòrò láti ojú ọ̀run wá gbé ẹyẹ mìíràn ni àwọn ará Japan ń pè ní hayabusa. Orúkọ náà bá a mu. Báìkì tó yára jù lágbàáyé kó tó dé ni Honda CBR1100XX, tí wọ́n ń fi orúkọ ẹyẹ dúdú kan pè ní Blackbird. Ní 1999, àṣá gba ipò lọ́wọ́ ẹyẹ. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1300 cc, ó sì ń sá eré tó 312 kìlómítà láàárín wákàtí kan. Ẹ̀rù ba àwọn tó ń ṣòfin ní Yúróòpù, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ fífi òfin de irú báìkì bẹ́ẹ̀. Kí ọ̀rọ̀ tó di ti ìjọba, àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe báìkì fohùn ṣọ̀kan láàárín ara wọn pé kò sí èyí tí àwọn máa jẹ́ kó kọjá 299 mọ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn: kò tíì pé ọdún méjì tí wọ́n bí i tí ọ̀rọ̀ òfin ti ń pinnu ohun tó lè ṣe.

Àtúnṣe ńlá àkọ́kọ́ dé ní 2008. Wọn ò fẹ ihò tí písítìnì ń gbà lọ sókè sódò, mílímítà 81 ni wọ́n fi sí, ṣùgbọ́n wọ́n mú ìrìn písítìnì gùn láti mílímítà 63 sí 65. Mílímítà méjì péré ló sọ ọ́ di 1340 cc, tí agbára ẹṣin rẹ̀ fi di 197. Lọ́dún yẹn kan náà ni ọrọ̀ ajé ayé dojú dé. Àwọn tó ń ra báìkì ńlá fún fàájì ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù di owó wọn mú. Ní 2013 wọ́n fi bíréèkì Brembo àti ABS, tí kì í jẹ́ kí táyà há bí èèyàn bá tẹ bíréèkì lójijì, kún un, lẹ́yìn náà gbogbo nǹkan dákẹ́ rọ́rọ́.

Ẹni tó bá ti yọ búlọ́ọ̀kù rí máa tètè lóye ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Owó tó wà nínú iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù, ara mọ́ọ̀dù ló wà. Bí o bá ti san owó mọ́ọ̀dù tán, búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan tó bá jáde nínú rẹ̀, èrè ló kù. Bí ẹnì kan bá wá ní kí o yí ìwọ̀n rẹ̀ padà, wàá kọ́kọ́ bi í pé mélòó ló fẹ́ rà. Bẹ́ẹ̀ náà ni férémù àti ara ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń rọ nínú mọ́ọ̀dù ní Japan, àfi pé owó tiwọn kì í ṣe kékeré. Ẹ sì má gbàgbé irú ilé-iṣẹ́ tí Suzuki jẹ́. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kéékèèké, pàápàá ní Íńdíà, ló ń bọ́ wọn jù. Páwà báìkì kọ́ ni wọ́n fi ń jẹun. Ìfẹ́ wa sí i kò lè dá nǹkan kan sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn bí ìṣirò owó ò bá gbà á.

Ohun tó máa ń fipá ṣí wọn nídìí ni òfin. Ní Yúróòpù, òfin èéfín tí wọ́n ń pè ní Euro 4 mú báìkì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti 2016, ó sì mú gbogbo báìkì tó kù láti 2017. Wọ́n fún àwọn tó ní èyí tó ṣẹ́ kù nílẹ̀ láyè láti tà á tán kí 2018 tó parí. Hayabusa ò lè kọjá ìdánwò yẹn. Bí 2018 ṣe parí báyìí, kò sí títuntun rẹ̀ fún títà níbí mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ṣì ń tà á ní Amẹ́ríkà. Àwọn oníbàárà mi kan ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Mo sọ fún wọn nígbà náà pé kí wọ́n ní sùúrù, torí Euro 5 ti ń bọ̀ lọ́nà, 2020 fún tuntun, 2021 fún gbogbo wọn. Lójú tèmi, kò sí oníṣòwò tó máa náwó lórí òfin tó fẹ́ kọjá lọ nígbà tí èyí tó le jù ú lọ ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Bí wọ́n bá máa padà, Euro 5 ni wọ́n máa bá padà. Bó sì ṣe rí nìyẹn.

Kí ló wá dé tí èéfín fi lè lé báìkì tó dáa bẹ́ẹ̀ kúrò lọ́jà? Ẹ wo yàrá tó ní fèrèsé lápá méjì. Orí ẹ́ńjìnnì náà ní irú fáàfù méjì: ọ̀kan ń gba atẹ́gùn àti epo bẹntiróòlù wọlé, ìkejì ń lé èéfín jáde. Nínú báìkì eré, àwọn tó ṣe é máa ń jẹ́ kí méjèèjì ṣí pọ̀ fún ìṣẹ́jú akàn. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí kíkankíkan, èéfín tó ń sáré jáde máa ń fa atẹ́gùn tuntun wọlé tẹ̀lé ara rẹ̀, bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fẹ́ gba inú yàrá kọjá, agbára á sì pọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wà nínú súnkẹrẹ fàkẹrẹ, tí ẹ́ńjìnnì ń yí jẹ́jẹ́, ṣe ló máa dà bí ìgbà tí ẹ tan tùràrí sínú yàrá tí fèrèsé méjèèjì ṣí sílẹ̀: òórùn rẹ̀ á ti bá òdìkejì jáde kó tó kún inú ilé. Epo tí kò tíì jóná á gba inú sàlẹ́ńsà jáde. Epo tó ń sá lọ yìí wà lára ohun tí òfin ń wọ̀n. Euro 4 gba gíráàmù 0.17 láàyè fún kìlómítà kan, Euro 5 fà á wálẹ̀ sí 0.10. Kí wọ́n tó lè bá a dé ibẹ̀, wọ́n ní láti dín àkókò tí fáàfù méjèèjì fi ń ṣí pọ̀ kù. Bí wọ́n bá sì ti dín in kù, agbára òkè téńté ló máa sanwó rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi bú sẹ́kún lọ́jọ́ 5 oṣù Èrèlé 2021 tí Suzuki ṣí aṣọ lójú Hayabusa tuntun. Ọdún mẹ́tàlá ni wọ́n fi dúró, agbára ẹṣin 190 ni wọ́n bá, ó fi méje dín sí ti tẹ́lẹ̀. Cc rẹ̀ ò lé, kò dín. Férémù àtijọ́ ni. Wọ́n ní, "Ṣé nǹkan tí a torí ẹ̀ dúró rèé?" Èmi ò bá wọn dá sí ẹkún náà. Suzuki fúnra wọn sọ pé àwọn gbìyànjú ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́fà, àwọn gbìyànjú tọ́bò, àwọn gbìyànjú èyí tó tóbi jù ú lọ, àwọn tún padà sórí ti àtijọ́ nígbà tí àwọn wò ó síwá sẹ́yìn. Mo gbà wọ́n gbọ́, torí mo mọ inú ẹ́ńjìnnì yẹn bí ẹni mọ àtẹ́lẹwọ́. Wọ́n mú písítìnì fúyẹ́, wọ́n tún ọ̀nà tí ọ́ìlì ń gbà ṣe, wọ́n sì mú kí agbára rẹ̀ tètè dé láàárín, níbi tí ẹni tó ń gùn ún lójú pópó ń lò ó. Ohun tuntun gan-an wà nínú iná: kọ̀ǹpútà tó mọ ìgbà tí báìkì dẹ̀gbẹ́, tí kì í jẹ́ kí táyà ẹ̀yìn yọ̀ lórí omi, tó ń bá bíréèkì sọ̀rọ̀ nínú kọ́nà. Ní báìkì tó wọ̀n tó kílò 264, ẹ̀mí èèyàn ni nǹkan wọ̀nyí ń dáàbò bò. Mo fi wọ́n ṣáájú agbára ẹṣin méje nígbàkigbà.

Ẹ má rò pé gbogbo ìdúró ló máa ń já sí báyìí o. Àwọn tó dúró de Yamaha R6 tuntun rí i ní 2020 tí wọ́n kó o kúrò lójú pópó ní Yúróòpù. Ìgbà tí R9 sì dé lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́ta tí wọ́n ti ń lò nínú báìkì mìíràn ló wà nínú rẹ̀, kì í ṣe onísílíńdà mẹ́rin tí wọ́n ń retí. Honda CBR600RR lọ, ọ̀pọ̀ ti gbàgbé rẹ̀, ó tún padà sí Yúróòpù ní 2024. Nígbà tí wọ́n bá bi mí pé ọdún mélòó ló kù, mi ò ní ìdáhùn. Ohun tí mo máa ń wò ni ìgbà tí òfin èéfín tó kàn máa múlẹ̀, àti bóyá ẹ́ńjìnnì inú báìkì náà wà nínú òmíràn tó ń tà. Bí ẹ́ńjìnnì bá dá nìkan wà, tí báìkì náà ò sì tà púpọ̀, ẹ má fi ọkàn sí i.

Bó bá sì dé náà, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn gun ti ọdún àkọ́kọ́. Ní Hayabusa ti 1999, férémù kékeré tó gbé ìjókòó ẹ̀yìn ró jẹ́ alumíníọ́ọ̀mù, ó sì ń sán nígbà tí èèyàn bá gbé èrò àti ẹrù. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n fi irin rọ́pò rẹ̀. Báìkì tó ti pẹ́ lọ́jà, gbogbo àrùn rẹ̀ ni mẹkáníìkì ti mọ̀, oògùn rẹ̀ sì wà lórí àtẹ. Bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó o.

Nǹkan tó dùn mí jù nínú ìdúró ọdún mẹ́tàlá yẹn ni ohun tó sọ báìkì ọwọ́ àwọn èèyàn dà. Àbúrò mi kan wà, ọmọ Ìjẹ̀bú, tó ní Hayabusa ti 2008. Ní 2015, Suzuki gbé àwòkọ́ṣe kan tí wọ́n pè ní Concept GSX kalẹ̀ níbi ìpàtẹ ọkọ̀ ní Tokyo. Ère lásán ni, kò ní ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́. Àbúrò mi sáré wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó na fóònù sí mi lójú. "Ẹ̀gbọ́n, ó ti dé!" Láti ọjọ́ yẹn, kò náwó lórí ti ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Bí mo bá ní ká pààrọ̀ ọ́ìlì ṣọ́kì, á ní kí ni òun ń tún ohun tí òun fẹ́ tà ṣe fún. Ẹran erin ń bẹ lórí rẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ wa ìrẹ̀. Ọdún mẹ́fà ló fi wa ìrẹ̀ náà.

Nígbà tí tuntun dé, ó lọ gùn ún wò, ó padà wá bá mi tìbínútìbínú pé ti òun ti jẹrà, pé ó ń mì lọ́wọ́ òun bí ọkọ̀ ojú omi, pé ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ti kú. Mo ní kó gbé e wá. Mo gbé iwájú báìkì náà sókè, mo tú ṣọ́kì méjèèjì, mo dojú wọn kodò sínú àwo. Ọ́ìlì ṣọ́kì tuntun máa ń mọ́ bí oyin. Èyí tó jáde dà bí omi eérú, ó ní nǹkan tó ń dán wínníwínní nínú níbi tí irin ti ń jẹ irin, ó sì ń rùn bí omi tí wọ́n fi fọ ẹja lánàá. Ó ti wà níbẹ̀ láti ilé-iṣẹ́. Mo fi àkísà nu ẹ̀gbẹ́ táyà, mo ní kó ka nọ́ńbà mẹ́rin tó wà ní ìparí àkọlé DOT. Ẹ̀yin náà lè wo tiyín nílé: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì tó kẹ́yìn ni ọdún. Ó ka 2312. Ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2012. Ihò ojú táyà ṣì jìn, ṣùgbọ́n rọ́bà ti le bí ìwo. Bíréèkì ọ́ìlì, tó yẹ kí a máa pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún méjì nítorí pé ó máa ń fa omi mọ́ra, ti dúdú bí ọtí èlé.

Ohun tí mo sọ fún un ni mo ń sọ fún yín. Bí ó bá jẹ́ pé kọ̀ǹpútà tó ń gbani nínú kọ́nà lẹ fẹ́, ohun tí báìkì yín ò ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i nìyẹn, mẹkáníìkì kan ò lè fi kún un. Ẹ dúró, tàbí kí ẹ tà á. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ó ń mì, pé ó wúwo lọ́wọ́, pé kò mú bíréèkì bíi ti tẹ́lẹ̀, tuntun kọ́ ni ẹ ń retí o, iṣẹ́ tí ẹ ò ṣe ni. Ní ti Hayabusa, ẹ jẹ́ kí wọ́n wo àyè fáàfù rẹ̀ ní gbogbo kìlómítà 24,000, kódà bí ẹ ò bá gbọ́ ìró kankan.

Ó gbà. Táyà méjì, ọ́ìlì ṣọ́kì àti ṣíìlì rẹ̀, bíréèkì ọ́ìlì. Owó gbogbo rẹ̀ ò tó ìdá kan nínú ọgbọ̀n owó tuntun. Mo fi ọjọ́ méjì ṣe é. Ó gùn ún jáde lọ́sàn-án Sátidé, ó ní òun á fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbé e rìn yí àdúgbò. Wákàtí kan kọjá kí n tó gbóhùn rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Kò sọ̀ kalẹ̀. Ó jókòó sórí rẹ̀, akoto lórí, ó ká gíláàsì ojú sókè.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ ṣe sí ẹ́ńjìnnì ẹ̀?"

Mi ò tíì fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì rárá.