Ọjọ́ Èyọ̀: bí èrò ṣe ń ti Ìkòròdú dé Ìsàlẹ̀ Èkó, àti bí wọ́n ṣe ń padà

Èyọ̀ kì í jáde lọ́dọọdún. Ikú ọba tàbí ti ìjòyè ńlá, tàbí kí ọba tuntun gorí ìtẹ́, ló sábà máa ń gbé e jáde. Ti oṣù karùn-ún ọdún 2017 bọ́ sínú ayẹyẹ àádọ́ta ọdún tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀. Nítorí náà, kò sí awakọ̀ ní gáréèjì Ìkòròdú tó mọ ètò ọjọ́ Èyọ̀ bó ṣe mọ ti ọjọ́ Mọ́ńdè. Lóde òní, ìjọba máa ń kéde ọjọ́ náà ṣáájú, àmọ́ àmì àtijọ́ ṣì wà: lọ́jọ́ Sọ́ńdè, Adímú, Èyọ̀ onífìlà dúdú, á gbé ọ̀pá jáde. Ìyẹn ni pé Sátidé tó tẹ̀ lé e ni ọjọ́ Èyọ̀. Láti Mọ́ńdè dé Tọ́sìdeè, àwọn Èyọ̀ ńlá mẹ́rin yòókù, Làbà, Oníkò, Ológẹ̀dẹ̀ àti Àgẹ̀rẹ̀, á máa jáde tẹ̀ léra. Ẹni tí kò bá tíì mọ ọ̀nà tí òun máa gbà nígbà tí Àgẹ̀rẹ̀ bá jáde ti pẹ́ jù.

Títì tí wọ́n ń tì ló ń da gbogbo nǹkan rú. Láti ẹsẹ̀ Afárá Carter ní Ìdúmọ̀tà títí dé Tinúbú, mọ́tò ò gbọdọ̀ kọjá. Àwọn Èyọ̀ ló ni ojú ọ̀nà, bí wọ́n ṣe ń lọ kí ọba ní Ìgà Ìdúngánrán. (Èyí ò ya ará Ìkòròdú lẹ́nu. Ẹni tó bá ti gbélé rí lọ́jọ́ orò mọ̀ pé àṣà lè ti títì ju ọlọ́pàá lọ.) Afárá mẹ́ta ló so Erékùṣù mọ́ Mainland: Carter, Èkó àti Third Mainland. Tí ẹnu ọ̀kan bá dí, mọ́tò rẹ̀ á ya sórí méjì tó kù, sún kẹrẹ fà kẹrẹ á bẹ̀rẹ̀, débi pé ẹni tí kò bá Èyọ̀ da nǹkan kan pọ̀, tó kàn fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ọbáléńdé, á jẹ nínú rẹ̀.

BRT, bọ́ọ̀sì ńlá tó ní ọ̀nà tirẹ̀ lójú títì, ni ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ ń rò. Ní ọdún 2008, Mile 12 ló ń pin sí. Oṣù kọkànlá ọdún 2015 ló tó dé Ìkòròdú. Láàárín Ìkòròdú sí Mile 12, àárín títì ni ọ̀nà tirẹ̀ wà, ó sì máa ń kọjá lára dáńfó tó ti dúró sójú kan bí ẹni pé kò rí wọn. Àmọ́ ọ̀nà yẹn kò bá a dé ibi gbogbo. Tó bá ti ń súnmọ́ Erékùṣù, òun àti dáńfó di ẹgbẹ́. Lọ́jọ́ Èyọ̀, ó sì lè yípo kó tó dé ibi tó máa ń já èrò sí. Torí náà, kí èèyàn tó wọlé, ìbéèrè tó yẹ kó bi awakọ̀ ni pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ibo lẹ ti ń yípo lónìí?” Káàdì Cowry tí wọ́n fi ń san owó ọkọ̀ náà, alẹ́ Fúráìdeè ni ká ti fi owó sí i, owó àlọ àti àbọ̀ pọ̀. Lọ́jọ́ tí èrò bá pọ̀, ìlà àwọn tó fẹ́ fi owó sí káàdì lè gùn ju ìlà ọkọ̀ lọ.

Omi ò mọ̀ pé wọ́n ti títì. Ọkọ̀ ojú omi tó bá gbéra ní Ìpàkodò, èbúté Ìkòròdú, ń gba ọ̀sà tààrà, tó bá sì gúnlẹ̀ sí Èbúté Ẹ̀rọ̀, ẹsẹ̀ ló kù. Ní èbúté, ẹnì kan á jókòó pẹ̀lú ìwé, á máa kọ orúkọ èrò sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹlòmíì á máa pín ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì. Ìyá kan tó ti lọ aṣọ funfun rẹ̀ ní àlọdán á kọ́kọ́ wo ẹ̀wù yẹn, tí omi àná ṣì wà lára rẹ̀, á wo aṣọ rẹ̀, á tún wo ẹ̀wù. Kó wọ̀ ọ́ ni o. Wàhálà omi méjì ló wà: ọkọ̀ kékeré kì í gba èrò púpọ̀, wọn kì í sì í jẹ́ kó rìn lálẹ́. Ẹni tó fi omi lọ, tí ilẹ̀ wá ṣú mọ́ lójú agbo, títì ló máa fi padà.

Láti ibi tí ọkọ̀ bá já èèyàn sí, kò sí ọ̀kadà. Láti ọdún 2022 ni ìjọba ti lé e kúrò ní Erékùṣù pátápátá. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí Èyọ̀ ti ṣòfin tirẹ̀: ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ jẹ́ èèwọ̀ lójú agbo, bẹ́ẹ̀ náà ni sálúbàtà, sìgá, irun ṣùkú àti gèlè. Ọ̀pá ọ̀pámbàtà wà lọ́wọ́ wọn, wọn kì í sì í ṣàlàyé kí wọ́n tó gbé e sókè. Kí oníṣùkú tú irun rẹ̀ nílé, kì í ṣe ní èbúté.

Àbọ̀ ló le jù, òun gan-an ló sì yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ rò. Láti ìdájí títí dé ọ̀sán ni èrò máa ń dé, díẹ̀díẹ̀, àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan náà ni gbogbo wọn ń dìde. Ká ní bọ́ọ̀sì kan ń kó èèyàn 70, tí ọ̀kan sì ń gbéra ní ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́ta: 20 bọ́ọ̀sì ní wákàtí kan, èèyàn 1,400. Tí èèyàn 7,000 bá wá dúró lẹ́ẹ̀kan, ẹni tó kẹ́yìn á lo wákàtí márùn-ún lórí ìdúró, ìyẹn tí bọ́ọ̀sì kankan ò bá há sí sún kẹrẹ. Kíké mọ́ awakọ̀ ò lè yí ìṣirò yìí padà. Àwọn tó gbọ́n a máa kúrò kí agbo tó tú, tàbí kí wọ́n jókòó ti oúnjẹ títí ìlà á fi já. Àwọn tó wà láàárín ló ń jìyà.

Fóònù náà máa ń kọṣẹ́ níbi tí èrò bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Kí ẹni tó bá ń kó ọmọ lọ ti yan ibi ìpàdé sí ìta ibi tí wọ́n tì, kó sì fi ojú ibẹ̀ han ọmọ. Kó sì tọ́jú ṣẹ́ńjì sápò, torí ní Ìkòròdú, ọ̀kadà ṣì ń ṣiṣẹ́, ọlọ́kadà tó bá sì rí èrò tó ti Èyọ̀ bọ̀ lálẹ́ kì í ní ṣẹ́ńjì rí.