Kiewit: ilé iṣẹ́ ìkọ́lé tó wà lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀

Ẹni tó bá kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní Kiewit, ìbáà jẹ́ pé ó fẹ̀yìn tì tàbí pé ó rí iṣẹ́ síbòmíràn, gbọ́dọ̀ dá ìpín tó ní nínú ilé iṣẹ́ náà padà. Kò lè tà á fún ará ìta. Bó bá kú, owó ìpín náà ni àwọn ọmọ rẹ̀ máa jogún, wọn kò ní jogún ìpín fúnra rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ló máa rà á padà, tí á sì tún tà á fún ẹlòmíràn tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Bí ilẹ̀ ẹbí ló rí: ẹni tó wà nílé ló ń dáko síbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè gbé e tà fún àlejò. Òfin yìí ni gbogbo ètò tó kù rọ̀ mọ́.

Ìlú Omaha, ní ìpínlẹ̀ Nebraska ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti dá Kiewit sílẹ̀ ní ọdún 1884. Peter Kiewit àti Andrew, tí wọ́n jẹ́ tẹ̀gbọ́n tàbúrò, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, iṣẹ́ bíríkìlà sì ni wọ́n ń ṣe. Ní 1931, nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà ti dẹnu kọlẹ̀, ọmọ Peter tí òun náà ń jẹ́ Peter gba ìdarí. Àwọn tó ń kọ́ ilé ńlá kò pọ̀ mọ́, nítorí náà ó yíjú sí iṣẹ́ ìjọba: títì, afárá, ìsédò. Ó gbà pé ẹni tó bá ń darí iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní owó tirẹ̀ nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ta ìpín fún àwọn ẹni tó ń fọkàn tán. Nígbà tó kú ní 1979, Walter Scott Jr. ló rọ́pò rẹ̀. Ẹnjiníà tó ti wà nílé iṣẹ́ náà láti 1953 ni Scott, bàbá rẹ̀ sì ti ṣe ẹnjiníà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Láti inú ilé náà ni wọ́n ti yan àwọn tó tẹ̀ lé e.

Kì í ṣe gbogbo òṣìṣẹ́ ló ní ìpín o, ó sì yẹ kí ẹni tó bá gbọ́ pé ilé iṣẹ́ jẹ́ ti òṣìṣẹ́ máa rántí èyí. Ilé iṣẹ́ ló ń pe ẹni tó bá fẹ́ kó wá rà. Ẹni tí wọ́n pè á fi owó ara rẹ̀ rà á. Ẹlòmíràn á yá owó báńkì, á sì fi ìpín náà ṣe ìdógò. Nítorí pé ọwọ́ tirẹ̀ lowó ti jáde, kò lè fojú ẹ̀bùn wò ó.

Iye tí wọ́n ń ta ìpín náà kò ti ọjà wá. Wọ́n á ṣírò gbogbo ohun tí ilé iṣẹ́ ní, wọ́n á yọ gbèsè kúrò, wọ́n á sì pín ohun tó kù sórí iye ìpín tó wà nílẹ̀. Àhesọ kò lè gbé iye náà sókè, ìbẹ̀rù àwọn oníṣòwò kò sì lè fà á wálẹ̀. Bí iṣẹ́ bá mú èrè wá, á gòkè. Bí iṣẹ́ ńlá kan bá jẹ owó, gbogbo wọn ló máa jẹ nínú àdánù náà.

Iṣẹ́ ìkọ́lé gan-an ló jẹ́ kí èyí ṣe pàtàkì. Ó níye tí agbaṣẹ́ṣe máa ń dá kó tó rí iṣẹ́ gbà. Bó bá dá a kéré jù, àdánù dé. Bó bá dá a pọ̀ jù, ẹlòmíràn ló máa gba iṣẹ́. Ẹni tó jókòó ti ìṣirò kọnkéré, irin àti owó ọ̀yà yẹn lè ba owó ara rẹ̀ jẹ́ bó bá ṣe é wúruwùru. Nígbà tí ọ̀nà àtúdà omi ìsédò Oroville ní California ya ní oṣù kejì ọdún 2017, ó lé ní ọ̀kẹ́ mẹ́sàn-án ènìyàn tí wọ́n ní kó sá kúrò nílé. Ní oṣù kẹrin, Kiewit gba iṣẹ́ àtúnṣe náà ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 275 dọ́là. Kí ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún náà tó kọjá, kí òjò tó dé, ọ̀nà omi náà ti ṣeé lò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ tó kù wọ ọdún kejì, tí owó rẹ̀ sì fò sókè gan-an.

Ibi tí ètò yìí ti ń fúnni ní ìdààmú ni owó ìràpadà. Bí àwọn àgbà bá fẹ̀yìn tì lẹ́ẹ̀kan náà, owó ńlá gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ láti fi ra ìpín wọn, èyí sì ni kò jẹ́ kí irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lè máa náwó bó ṣe wù ú. Ìṣòro mìíràn yọjú ní ọdún 1990 sókè. Kiewit ti fi owó sí àwọn òwò tí kì í ṣe ìkọ́lé, títí kan ilé iṣẹ́ wáyà ìbánisọ̀rọ̀ MFS, èyí tí WorldCom, ilé iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ mìíràn, rà ní 1996 ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 14 dọ́là. Iye ìpín tí wọ́n ń ṣírò nínú ìwé kò lè fi bí irú òwò bẹ́ẹ̀ ṣe níye lórí tó hàn mọ́, wọ́n sì ti pín ìpín sí oríṣiríṣi: ti ìkọ́lé lọ́tọ̀, ti òwò yòókù lọ́tọ̀. Ní 1998 ni wọ́n pín gaari. Òwò yòókù di Level 3 Communications, ó bọ́ sí ọjà ìpín ìdókòwò níta gbangba. Ìkọ́lé dúró sọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Ìpinnu yìí ló gba ètò àtijọ́ náà là.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tó wọ́pọ̀ ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń pè ní ESOP, tí òfin ọdún 1974 fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Níbẹ̀, òṣìṣẹ́ kì í san kọ́bọ̀. Àjọ afọkàntán kan ló máa ń yá owó láti ra ìpín lórúkọ wọn, ilé iṣẹ́ á máa san gbèsè náà díẹ̀díẹ̀, wọ́n á sì máa kọ ìpín sórí àkáǹtì ẹnì kọ̀ọ̀kan títí yóò fi fẹ̀yìn tì. Ọ̀nà yìí ni àwọn òṣìṣẹ́ Burns & McDonnell ní Kansas City gbà ra ilé iṣẹ́ ẹnjiníà wọn padà lọ́wọ́ Armco, ilé iṣẹ́ irin, ní 1985. Parsons, ilé iṣẹ́ ẹnjiníà mìíràn, náà di ti òṣìṣẹ́ pátápátá ní 1984, ṣùgbọ́n ní 2019 ó ta lára ìpín rẹ̀ fún gbogbo ayé ní ọjà ìpín ti New York.