Orúkọ Ilé Bàbá Ìyá: Bí Ẹ Ṣe Lè Tọpa Ìdílé Yín ní Scotland

Ẹni tó ń wá ìdílé rẹ̀ ní Scotland ní àǹfààní kan tí ẹni tó ń wá tirẹ̀ ní England kò ní: orúkọ tí obìnrin ń jẹ́ nílé bàbá rẹ̀ kì í sọnù. Láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 1855 tí ìjọba ti ń forúkọ ìbí, ìgbéyàwó àti ikú sílẹ̀, ìwé ìgbéyàwó máa ń dárúkọ bàbá àti ìyá ọkọ, àti bàbá àti ìyá ìyàwó. Ní England, orúkọ bàbá nìkan ni wọ́n ń kọ títí di 2021. Orúkọ ìyá yìí la fi ń ya John Macdonald kan sọ́tọ̀ nígbà tí John Macdonald bá kún àgbègbè kan.

Ọ̀dọ̀ ẹni tí ẹ mọ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa padà sẹ́yìn. Ìkànnì ìjọba tó ń jẹ́ ScotlandsPeople ni àwọn ìwé náà wà. Ọ̀fẹ́ ni wíwá orúkọ; àwòrán ìwé gan-an la ń sanwó fún. Ẹ kò ní rí àwòrán ìwé ìbí tí kò tíì pé 100 ọdún níbẹ̀, tàbí ti ìgbéyàwó tí kò tíì pé 75, tàbí ti ikú tí kò tíì pé 50.

Nínú ìwé ìbí, ẹ wo ọjọ́ àti ibi tí àwọn òbí ti ṣègbéyàwó. Ibẹ̀ ló máa gbé yín dé ìdí ìwé ìgbéyàwó wọn tààrà. Wọn ò kọ ọ́ láti 1856 sí 1860 ṣá o. Ti 1855 ló dùn jù: ọjọ́ orí àwọn òbí wà níbẹ̀, ibi tí wọ́n bí wọn sí, àti iye ọmọ tí wọ́n ti bí ṣáájú. Nítorí náà, bó bá jẹ́ 1851 ni wọ́n bí ẹni yín, ẹ wá àbúrò rẹ̀ tí wọ́n bí ní 1855, kí ẹ sì sanwó ìwé tirẹ̀.

Bí àyè ìgbéyàwó bá ṣófo, ó ṣeé ṣe kí àwọn òbí má tíì fẹ́ra. Ẹ wo etí ìwé náà. Bí ẹ bá rí RCE (Register of Corrected Entries) níbẹ̀, àtúnṣe kan wà nínú ìwé mìíràn, ibẹ̀ ni ẹ ti lè rí orúkọ ẹni tí ilé ẹjọ́ dájọ́ pé òun ni bàbá ọmọ náà.

Ìwé ikú ni kí ẹ fura sí jù. Òkú kọ́ ló sọ orúkọ ìyá rẹ̀ fún akọ̀wé, àna tàbí aládùúgbò lè ti sọ ohun tó rò. Ẹ wo ẹni tó fọwọ́ sí i kí ẹ tó gbà á gbọ́.

Ní ti ìkànìyàn, ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá ni wọ́n sábà máa ń ṣe é. 1841 ni àkọ́kọ́ tó dárúkọ kálukú, òun ló sì ń da èèyàn láàmú. Wọ́n máa ń gé ọjọ́ orí àgbàlagbà wálẹ̀ sí márùn-ún márùn-ún: ẹni ọdún 34 di 30. Nígbà tí ẹ bá tún rí i ní 1851, ó ti di 44, ẹ óò sì rò pé ẹlòmíràn ni. Wọn ò sì sọ bí àwọn ará ilé ṣe tan mọ́ra. Margaret ọmọ ọdún 15 tí wọ́n kọ sábẹ́ John àti Mary lè jẹ́ ọmọ wọn, ó sì lè jẹ́ àbúrò Mary. Láti 1851 ni wọ́n ti kọ ìbátan àti àgbègbè ìjọ tí wọ́n bí kálukú sí.

Ṣáájú 1855, ìwé ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ti Errol ní Perthshire bẹ̀rẹ̀ ní 1553, ṣùgbọ́n ti ọ̀pọ̀ àgbègbè pẹ́ gan-an kó tó bẹ̀rẹ̀. Bí ìrìbọmi bá dàwátì lẹ́yìn 1843, ẹ wá a nínú ìwé Free Church, ìjọ tó yapa kúrò lára Church of Scotland lọ́dún yẹn. Ìkéde ìgbéyàwó ni ẹ sì sábà máa rí, kì í ṣe ìgbéyàwó fúnra rẹ̀. Bí ọkọ àti ìyàwó bá wá láti àgbègbè méjì, ọjọ́ méjì tó yàtọ̀ síra lè wà nílẹ̀, kí ìkankan nínú wọn má sì jẹ́ ọjọ́ ìgbéyàwó.