Oníbodè Inú Iṣan: Bí Ìròyìn Ara Ṣe Ń Dé Ọpọlọ, àti Bí Onímọ̀ Ṣe Ń Ṣọ́ Ọ

Ẹni tó bá ti jókòó sórí àga dókítà eléyín rí, ì báà jẹ́ ní Ìlọrin tàbí ní Òmù-Àrán, mọ ohun tí abẹ́rẹ́ kékeré yẹn máa ń ṣe. Ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá gún un, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á kú, ètè á dà bí ti ẹlòmíì. Dókítà á fi irin mú eyín, á máa mì ín, aláìsàn á máa gbọ́ bó ṣe ń ró gbì nínú orí ara rẹ̀, síbẹ̀ kò ní dùn ún. Kì í ṣe pé eyín kò fara pa. Ìròyìn ìrora ni kò dé ọpọlọ, nítorí lidocaine, oògùn inú abẹ́rẹ́ náà, ti dí ẹnu-ọ̀nà tí ìròyìn fi ń rìn. Àwọn ẹnu-ọ̀nà yìí ni àwọn onímọ̀ kan ń fi ogún, ọgbọ̀n ọdún ṣọ́.

Ohun púpọ̀ ni Yorùbá ń pè ní iṣan. Èyí tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà wà, èyí tó ń fa apá àti ẹsẹ̀ wà. Èyí tí à ń sọ níbí ni okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbé ìròyìn láti ara lọ sí ọpọlọ, tó sì ń gbé àṣẹ bọ̀. Sẹ́ẹ̀lì, ẹyọ kéékèèké tí ara wa fi kọ́ ara rẹ̀ jọ, ló ta bí okùn bẹ́ẹ̀. Òmíràn gùn láti ìdí ẹ̀yìn títí dé àtàǹpàkò ẹsẹ̀. Awọ ọlọ́ràá kan ló bò ó, tó fẹ́lẹ́ débi pé bí a bá to 200,000 rẹ̀ léra, wọn kò ní nípọn ju mìlímítà 1 lọ. Omi oníyọ̀ ló wà nínú, omi oníyọ̀ ló wà níta, ṣùgbọ́n iyọ̀ inú yàtọ̀ sí ti ìta. Sódíọ̀mù, èyí tó wà nínú iyọ̀ ọbẹ̀, ló pọ̀ níta, ó tó bí ìlọ́po 10 ti inú. Pọtásíọ̀mù ló pọ̀ nínú, ó tó bí ìlọ́po 30 ti ìta. Òun náà kò ṣàjèjì: òun ló wà nínú eérú tí àwọn ìyá wa fi ń se ọṣẹ dúdú, kódà láti ara eérú inú ìkòkò ni àwọn òyìnbó ti fa orúkọ rẹ̀ yọ.

Bí àwọn èròjà yìí bá ti yòrò sómi, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn á máa gbé iná mànàmáná bíńtín kiri. Áyọ́ọ̀nù ni wọ́n ń pè wọ́n nígbà náà. Áyọ́ọ̀nù kì í lè la ọ̀rá kọjá, nítorí náà awọ yẹn dúró bí odi ìlú. Àfi kí wọ́n gba bodè. Púrótéènì tó ní ihò láàrin ni bodè yìí, ó gúnlẹ̀ sára awọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní irú èrò tó ń gbà, bíi ti oníbodè ìlú olódi láyé àtijọ́. Ọ̀kan gba sódíọ̀mù, kò gba ẹlòmíì. Òmíràn, ti pọtásíọ̀mù ló mọ̀.

Yàtọ̀ sí àwọn bodè, alágbàṣe kan wà lára awọ náà tí kì í sinmi tọ̀sán-tòru. Bó ṣe ń kó sódíọ̀mù 3 síta ló ń kó pọtásíọ̀mù 2 wọlé, apá ńlá nínú oúnjẹ tí ọpọlọ ń jẹ ló sì ń bá iṣẹ́ yìí lọ. Jens Skou ará Denmark ló rí i lọ́dún 1957, ìgbà tó sì di 1997 ni wọ́n tó fún un ní ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀. Ìyàtọ̀ tí alágbàṣe yìí ń dá sílẹ̀, pẹ̀lú pọtásíọ̀mù tó ń yọ́ jáde díẹ̀díẹ̀, ló ń mú kí iná inú sẹ́ẹ̀lì fi bíi ìdá 70 nínú 1,000 fóltì kan (volt, ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn iná) rẹlẹ̀ sí ti ìta. Ìyẹn kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú 20 agbára bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan. Òun náà ni gbogbo ìrònú ọmọ ènìyàn dúró lé.

Bí ìròyìn ṣe ń rìn wá ńkọ́? Ẹni tó bá ti rí iná ìgbẹ́ nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ní ọ̀nà Òffà tàbí ìhà Ìgbómìnà, yóò tètè yé. Koríko kì í rìn, iná ló ń ran láti orí koríko dé orí koríko. Bákan náà ni níbí. Bí ohun kan bá gún awọ iṣan, iná ibẹ̀ á yí padà díẹ̀. Bodè sódíọ̀mù sì ń mọ iná lára: bó bá ti rí i pé iná yí, á ṣí gbayawu. Sódíọ̀mù á ya wọlé, èyí á tún yí iná ibẹ̀ padà sí i, bodè tó tẹ̀ lé e á ṣí, èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn á ṣí. Láàrin ìdá kan nínú 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá, bodè tó kọ́kọ́ ṣí á ti ti ara rẹ̀ pa, á sì kọ̀ láti ṣí fúngbà díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìròyìn kì í fi í pẹ̀yìn dà, nítorí iná ìgbẹ́ kì í padà sórí ibi tó ti jó. Bodè pọtásíọ̀mù ló máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó ṣí; pọtásíọ̀mù á jáde, iná á padà sípò, koríko á sì ti hù, kó tún lè jó.

Gbogbo okùn kọ́ ló yára bákan náà. Àwọn tó nípọn, tí ọ̀rá sì tún wé mọ́ lára, lè gbé ìròyìn rin ju mítà 100 lọ láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan. Àwọn tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù, tó ń gbé ìrora tó ń ro ni, kì í rìn ju bíi mítà 1 lọ. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ kọ òkúta mọ̀ bẹ́ẹ̀ láìkàwé: àkọ́kọ́ á dún ṣán, á dà bí ẹni pé ó ti tán, lẹ́yìn náà ni ojúlówó ìrora á dé tí á ní kó jókòó sílẹ̀.

Àwọn tó kọ́kọ́ tú àṣírí yìí kò rí bodè kankan sójú. Alan Hodgkin àti Andrew Huxley, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lo iṣan ẹran òkun kan tó ń jẹ́ squid, nítorí okùn iṣan rẹ̀ lè nípọn tó mìlímítà 1, ènìyàn sì lè ti wáyà bọ inú rẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Plymouth lọ́dún 1939, ogun àgbáyé dá wọn dúró, ọdún 1952 ni wọ́n tó gbé ìṣirò wọn jáde. Kọ̀ǹpútà yunifásítì wọn kò ṣiṣẹ́ lásìkò náà, ni Huxley bá fi ẹ̀rọ ìṣirò tí wọ́n ń fọwọ́ yí ṣe é. Ìṣirò yẹn fi hàn pé ohun kan gbọ́dọ̀ máa ṣí, kó máa pa. Nobel wọn dé ní 1963. Lọ́dún 1976, ní ilẹ̀ Jámánì, Erwin Neher àti Bert Sakmann ti ẹnu gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ ara sẹ́ẹ̀lì, wọ́n sì gbọ́ bí bodè kan ṣoṣo ṣe ń ṣí tó ń pa.

Ohun kan ṣì kù tó rú gbogbo wọn lójú. Sódíọ̀mù kéré sí pọtásíọ̀mù. Báwo wá ni ihò tó gba ẹni ńlá ṣe ń lé ẹni kékeré padà, tó jẹ́ pé nínú bí 10,000 pọtásíọ̀mù tó bá kọjá, bóyá ni sódíọ̀mù kan á yọ́ gba ibẹ̀? Roderick MacKinnon ni ìbéèrè yìí mú. Dókítà oníṣègùn ni, ó ti ń sún mọ́ ọmọ ọgbọ̀n ọdún kó tó fi ilé ìwòsàn sílẹ̀ fún bodè pọtásíọ̀mù. Nígbà tó yá, ó rí i pé títẹ́tí sí bodè kò tó, àfi kí òun rí i lójú. Ló bá tún bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ mìíràn, bí wọ́n ṣe ń sọ púrótéènì di kírísítálì kí wọ́n lè fi X-ray wo ìrísí rẹ̀, ẹ̀kọ́ tí ọ̀pọ̀ ojúgbà rẹ̀ ti fi gbogbo ayé wọn kọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó gbà láti tún di ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ kò wọ́pọ̀. Ní 1998, ó fi àwòrán bodè pọtásíọ̀mù tó wà lára kòkòrò bakitéríà kan han ayé. Nobel tirẹ̀ dé ní 2003.

Ìdáhùn náà dùn mọ́ni. Áyọ́ọ̀nù tó wà nínú omi kì í rìn níhòòhò. Omi ló wọ̀ bí agbádá. Kó tó lè gba bodè, ó gbọ́dọ̀ bọ́ agbádá náà, bíbọ́ rẹ̀ sì nira. Inú bodè pọtásíọ̀mù ní ọ́síjìn tó tò yí ihò ká, wọ́n sì bá pọtásíọ̀mù mu rẹ́gí débi pé bó ṣe ń bọ́ agbádá omi ló ń wọ agbádá ọ́síjìn. Kò pàdánù nǹkan kan. Sódíọ̀mù ní tirẹ̀ kéré jù, ọ́síjìn ibẹ̀ kò dé ara rẹ̀ dáadáa. Kí ló máa bọ́ aṣọ rẹ̀ sí? Á kúkú dúró síta.

Oríṣi bodè mìíràn wà tí iná kọ́ ló ń ṣí i, ooru ni. Ọ̀kan lára wọn máa ń ṣí bí nǹkan bá gbóná tó ìwọ̀n 43 lórí ẹ̀rọ Celsius. Lọ́dún 1997, David Julius àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fi hàn pé bodè yìí gan-an ni ata ń ṣí: ohun tó ń ta nínú ata rodo ló ń tan oníbodè jẹ, tó fi ń kéde iná níbi tí iná kò sí. Nobel Julius dé ní 2021. Àwọn tó ń lọ ata ní ọjà Ìpàta, n'Ílọrin, kò nílò Nobel láti mọ̀ pé omi tútù kì í pa títa ata. Ọ̀rá ni nǹkan títa yẹn ń yòrò sí, kì í yòrò sómi; ìdí nìyẹn tí wàrà fi ń ràn án lọ́wọ́, tí ẹni tó ń jẹun ní Ìlọrin kò sì ní wá a jìnnà.

Wárápá náà dé ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ló ń jó pa pọ̀ láìgbàṣẹ, bí ìgbà tí iná ìgbẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ àgbẹ̀. Carbamazepine àti phenytoin, tí wọ́n ń fún ọ̀pọ̀ aláìsàn, bodè sódíọ̀mù ni wọ́n ń mú kó pẹ́ ní títì. Àìsàn yìí kì í sì í ran ẹni tó bá fọwọ́ kan aláìsàn. Iná ara ẹlòmíì kò lè ṣí bodè inú ọpọlọ tẹni. Abẹ́rẹ́ eléyín ńkọ́, tí kì í fi í mú dáadáa bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá ti wú? Ásíìdì ló pọ̀ níbi tó wú, ásíìdì yìí sì ń sọ lidocaine fúnra rẹ̀ di oníná, kò wá ní lè la awọ ọlọ́ràá kọjá. Inú sẹ́ẹ̀lì ló sì ti ń dí bodè.

Ẹni tó bá fẹ́ fi èyí ṣe iṣẹ́ ní Kwara, ẹ̀ka fisiọ́lọ́jì, ìmọ̀ bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́, ní Yunifásítì Ìlọrin, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1975, jẹ́ ọ̀nà kan, bí ìmọ̀ ìṣègùn náà ṣe jẹ́ ọ̀nà. Oyè àkọ́kọ́, oyè kejì, oyè ọ̀mọ̀wé, lẹ́yìn náà ọdún díẹ̀ lábẹ́ ọ̀gá mìíràn, lókè òkun lọ́pọ̀ ìgbà, nítorí irinṣẹ́ rẹ̀ wọ́n. IBRO, ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn tó ń ṣèwádìí ọpọlọ, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1961, máa ń ṣètò ilé-ẹ̀kọ́ kúkúrú fún àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ ní Áfíríkà. Ẹni tó mọ ìṣirò àti físíìsì á gbádùn rẹ̀ ju ẹni tó ń sá fún wọn lọ.

Iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ kò ní ariwo. Onímọ̀ á fi iná yọ́ gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ láàrin, á fà á títí ẹnu rẹ̀ á fi kéré ju irun orí lọ ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlọ́po. Á gbé e sún mọ́ sẹ́ẹ̀lì lábẹ́ máíkírósíkóòpù, á kàn án, á fi ẹnu fa afẹ́fẹ́ díẹ̀ nínú rọ́bà tó so mọ́ ọn, kí awọ lè lẹ̀ mọ́ gíláàsì pinpin. Iná tó ń gba bodè kan kéré débi pé ariwo iná inú ògiri lásán lè bò ó, nítorí náà wọ́n ń fi àgò onírin yí ibẹ̀ ká, tábìlì náà sì léfòó lórí afẹ́fẹ́ kí ọkọ̀ tírélà tó ń kọjá lójú títì má baà mì ín. Ní ìlú tí wọ́n ti lè mú iná lọ nígbàkígbà, bátìrì inífátà ló yẹ kó gbé e. Jẹnẹrétọ̀ á gbé iná wá, á sì gbé gìrìgìrì wá pẹ̀lú. Sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n bá ń wọn báyìí kì í sábà pẹ́ ju wákàtí díẹ̀. Bí èyí tí gíláàsì lẹ̀ mọ́ bá kú, wọn kì í lo gíláàsì yẹn mọ́. Wọ́n á jù ú nù, wọ́n á tún yọ́ òmíràn.