Ìbọn tí wọ́n tò nílé l'Amẹ́ríkà: ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ ẹ ṣe gbọ́ ọ

Àbúrò ìyàwó mi ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ó dé sọ́dọ̀ wa ní Houston láti wá ka másítà, kò tíì pé ọdún kan tó ti sọ wíwo fídíò àwọn òyìnbó tó ń to ìbọn nínú gáréèjì di iṣẹ́, ọjọ́ kan báyìí a ń jẹun lọ́wọ́ ló kàn dédé ní, "Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹ mọ̀ pé èèyàn lè ra ìbọn ní wẹ́wẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n gbé e wá sẹ́nu ọ̀nà, kéèyàn tò ó fúnra ẹ̀, tí ìjọba ò ní mọ̀ rárá?" Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ gbé ṣíbí sílẹ̀, ó ní kó tún un sọ. Kò tún un sọ mọ́.

Èmi ò bú u, torí kì í ṣe òun nìkan ló gbà bẹ́ẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ níta ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ìsìn, mo ti gbọ́ ọ níbi ìsọmọlórúkọ, mo tiẹ̀ ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ti lé lógún ọdún nílùú yìí. Ibi tó ti le ni pé kì í ṣe irọ́ pátápátá, òótọ́ díẹ̀ wà nínú ẹ̀, díẹ̀ yẹn gan-an ló sì ń tan àwọn èèyàn jẹ.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ èyí tó jóòótọ́. Bàbá òyìnbó kan wà tá a jọ ń ṣiṣẹ́, sójà ni nígbà kan, ọdún tó kọjá ló ní òun náà máa fọwọ́ ara òun to ìbọn gígùn kan tí wọ́n ń pè ní AR-15, òun tí ò tò ó rí láyé. Ó pè mí kí n wá bá òun jókòó. Orí tábìlì ìjẹun ló tẹ́ táwẹ́lì funfun sí, ó wá kó páátì kéékèèké síbẹ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́ bí ìyá aláta ṣe ń to tòmátì: páìpù tí ọta ń gbà jáde, ìdí ìbọn oníke, píìnì, sípíríǹgì tó dà bí èyí tó wà nínú báírò. Púpọ̀ nínú wọn ló bá pósítì wá, nínú páálí bíi ti bàtà, òfin ìjọba àpapọ̀ ò sì ka ìkankan nínú wọn sí ìbọn. Ọ̀kan nínú àwọn sípíríǹgì yẹn fò lọ́wọ́ ẹ̀ báyìí, fíìn, ni èmi àti bàbá tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún bá dojúbolẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì fóònù, a wá a títí, a ò rí i, lòun bá rọra dìde, ó ní kí n má ṣe ìyọnu, òun ti ra mẹ́ta pa mọ́, torí kò sẹ́ni tó ń ṣe é tí kì í sọ ọ́ nù.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà láàárín táwẹ́lì yẹn tí ò bá pósítì wá sílé ẹ̀. Irin aluminum dúdú kan ni, kò ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ, kò ní páìpù, kò ní tírígà, ihò lóríṣiríṣi ló kàn wà lára ẹ̀, tẹ́ ẹ bá rí i nílẹ̀ ní Ládípọ̀ ẹ máa rò pé ara jẹnẹrétọ̀ ni. Lower receiver ni wọ́n ń pè é. Wọ́n fín orúkọ iléeṣẹ́ tó ṣe é sí i lára, wọ́n fín nọ́ńbà sí i, níbi tó sì yẹ kí wọ́n kọ irú ọta tó ń lò sí, "MULTI" ni wọ́n fín síbẹ̀, torí kò tíì di irú kankan. Lójú òfin Amẹ́ríkà, irin yẹn gan-an ni ìbọn. Kò lè ró, kò lè pa eṣinṣin, àmọ́ ìbọn ni, ìyókù tó wà lórí tábìlì, páátì lásán.

Ẹni tó bá ti gbé mọ́tò wọ Nàìjíríà rí máa tètè mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹ lè ra táyà, ẹ lè ra ilẹ̀kùn, ẹ lè ra odidi ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n nọ́ńbà tó wà lára shásí ni kọ́sítọ́ọ̀mù àti ọlọ́pàá ń wò, òun ni wọ́n mọ̀ ní mọ́tò. Lower yìí ni shásí ìbọn.

Báwo ló wá ṣe ń dé ọwọ́ èèyàn? Ẹ lè sanwó ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì o, mi ò jiyàn, àmọ́ wọn ò ní gbé e wá sílé yín, ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ní láísẹ́ńsì ìjọba àpapọ̀ ní àdúgbò yín ni wọ́n máa fi ránṣẹ́ sí. Ẹ máa fẹsẹ̀ yín rìn débẹ̀, ẹ máa fi káàdì ìdánimọ̀ hàn, ẹ máa kọ fọ́ọ̀mù kan tí wọ́n ń pè ní 4473, ẹni tó dúró sídìí káńtà á wá béèrè lọ́wọ́ FBI bóyá ẹ̀ṣẹ̀ kankan wà lọ́rùn yín. Láti ìparí 1998 ni ètò ìbéèrè kíákíá yẹn ti ń ṣiṣẹ́. Èsì mẹ́ta ló lè wá: ẹ máa lọ, ẹ dúró ná, tàbí rárá. Bàbá yìí ní ojú ẹsẹ̀ ni tòun wá, ó ní wíwá ibi páàkì sí mọ́tò lòun fi àkókò ṣòfò sí.

Èyí tó tún pa mí lẹ́rìn-ín ni ti ọjọ́ orí. Ẹni ọdún 18, lábẹ́ òfin àpapọ̀, lè wọ ṣọ́ọ̀bù kó ra ìbọn gígùn tó ti pé. Àmọ́ irin tí ò lè ṣe nǹkan kan yẹn, ọdún 21 ló gbọ́dọ̀ jẹ́ kí wọ́n tó tà á fún un, torí nígbà tó wà lóun nìkan kò tíì jẹ́ ìbọn gígùn, kò tíì jẹ́ ti ìléwọ́, ohun téèyàn fẹ́ sọ ọ́ dà ò tíì yé òfin, ló bá gbé e sí ọ̀dọ̀ èyí tó le. Ẹ rí i pé ẹni tó ń tò ó nílé ò sá fún òfin kankan, àwọn ìgbà mìíràn wà tó jẹ́ ṣe ló sún mọ́ ọn ju ẹni tó ra odidi lọ.

Ibo wá ni irọ́ yìí ti rí ẹsẹ̀ dúró? Lákọ̀ọ́kọ́, ó jóòótọ́ rí. Ṣáájú 1968 èèyàn lè kọ lẹ́tà kí ìbọn bá pósítì wá bá a. Ìbọn tí wọ́n fi pa Ààrẹ Kennedy ní 1963, pósítì ló bá wá, gbogbo owó ẹ̀ pẹ̀lú awò tó wà lórí ẹ̀ ò tó dọ́là 22. Ọdún tí wọ́n yìnbọn pa Martin Luther King àti Robert Kennedy, ìyẹn 1968, ni wọ́n ṣòfin tó ti ọ̀nà yẹn pa. Nítorí náà, ohun tí àbúrò mi ń sọ lórí oúnjẹ yẹn ti pẹ́ jù ú lọ dáadáa.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ ìbọn tí ò ní nọ́ńbà, èyí táwọn oníròyìn sọ ní ìbọn iwin. Òfin àpapọ̀ ò ní kí ẹni tó ṣe ìbọn fún ìlò ara ẹ̀, tí kò fi ṣòwò, fín nọ́ńbà sí i, ibẹ̀ làwọn kan dúró lé, tí wọ́n wá ń ta àkójọpọ̀ páátì tí lower tó wà nínú ẹ̀ ku díẹ̀ kó parí, tí wọ́n ní kì í ṣe ìbọn. Ní 2022 iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ìbọn, ATF, ní rárá, tí nǹkan bá ti ku díẹ̀ kó di ìbọn, ìbọn ni ẹ máa kà á sí. Wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́ gíga jù lọ, ní oṣù kẹta 2025 àwọn adájọ́ méje nínú mẹ́sàn-án fara mọ́ ìjọba. Àwọn ìpínlẹ̀ kan le ju ìyẹn lọ: ní California, ìbọn tẹ́ ẹ bá fọwọ́ yín ṣe gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà, irú ìbọn tí bàbá yẹn tò ní Texas sì jẹ́ nǹkan tó lè kó yín sí wàhálà ní New York, New Jersey àti Illinois. Ẹ má fi òfin Houston wakọ̀ lọ sí Chicago.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ti máa sọ nínú ara ẹ̀ pé kí ló dé tí wọ́n ń gba irú ìbọn ogun bẹ́ẹ̀ láyè, ṣebí AR tó wà níwájú orúkọ ẹ̀, assault rifle ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ jàre. Orúkọ iléeṣẹ́ tó kọ́kọ́ ṣe é ni, ArmaLite, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní California ní 1954, iléeṣẹ́ yìí kan náà ló ṣe AR-17, ìbọn tí wọ́n fi ń yin ẹyẹ sì nìyẹn. Eugene Stoner ló ṣe iṣẹ́ tó di AR-15, wọ́n tà á fún Colt ní 1959, Colt wá mú ti àwọn sójà jáde lọ́tọ̀, ó mú ti ará ìlú lọ́tọ̀.

Ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì ni pé semi-automatic ni ti ará ìlú. Tẹ́ ẹ bá tẹ tírígà lẹ́ẹ̀kan, ọta kan ló ń jáde. Agbára ẹ̀tù tó jó yẹn náà ló máa gbé ọta mìíràn sípò, kò sì ní ró àfi tẹ́ ẹ bá tú ìka sílẹ̀ kẹ́ ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Ọdẹ tó ń lo ṣakabùlà, kó tó ro ẹ̀tù sí i, kó tó kì í, kó tó ṣe gbogbo ètò yẹn tán lẹ́ẹ̀kejì, ẹran ti dé Ṣakí, ìyà yẹn ni semi-automatic gbà kúrò, kì í sì í ṣe nǹkan tuntun, Remington ti ń ta irú ẹ̀ fáwọn ọdẹ láti 1906. Èyí tó ń da ọta sílẹ̀ bí òjò téèyàn bá ti di tírígà mú, ìyẹn lọ́tọ̀, òfin 1934 ló so ó mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ìforúkọsílẹ̀ àti owó orí dọ́là 200, àtoṣù karùn-ún 1986 sì ni ará ìlú ò ti lè ní tuntun. Mi ò sọ pé semi-automatic ò lè pa èèyàn o, àwa tá a ní ọmọ nílé ìwé níbí mọ ohun tójú wa ti rí lórí tẹlifíṣọ̀n.

Ó wá ku èyí tí mo pe àbúrò mi sí yàrá fún. Físà ọmọ iléèwé ló wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹni tó bá wà lórí físà onígbà díẹ̀, òfin àpapọ̀ ní kò gbọ́dọ̀ ní ìbọn, kò gbọ́dọ̀ mú un dání, àfi tó bá bọ́ sínú àwọn àyè kéékèèké tí wọ́n fi sílẹ̀, èyí tí wọ́n mọ̀ jù nínú ẹ̀ ni láísẹ́ńsì ọdẹ tí ìpínlẹ̀ ń fúnni. Ẹni tó ní green card lè rà á, ẹni tí físà ẹ̀ ti bàjẹ́ ò ní ọ̀nà kankan. Ọmọ kan wá láti United Arab Emirates wá kàwé ní Florida, máàkì ẹ̀ ò dáa, iléèwé lé e, físà ẹ̀ bàjẹ́ pẹ̀lú ẹ̀, ó wá lọ síbi tí wọ́n ti ń fi ìbọn ṣeré, ó yìn ín. Kò ra ìbọn, kò gbé e lọ sílé, ṣe ló yá a yìn níbẹ̀, ọta díẹ̀ ló ṣẹ́ kù sọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ̀wọ̀n oṣù 18 ni wọ́n dá fún un. Ilé ẹjọ́ gíga jù lọ dá ẹjọ́ yẹn padà ní 2019, wọ́n ní ìjọba gbọ́dọ̀ fi hàn pé ó mọ̀ pé físà òun ti bàjẹ́, àmọ́ ta ló máa dá oṣù tó lò níbẹ̀ padà fún un? Ẹ̀ṣẹ̀ ìbọn sì wà lára ohun tí wọ́n fi ń dá èèyàn padà sílé.

Àbúrò mi ní, ṣé èmi ò wá lè bá òun rà á, ṣebí èmi ti di ọmọ onílùú. Mo ní ìbéèrè wà lórí fọ́ọ̀mù yẹn tó ń bi ọ́ bóyá ìwọ gan-an lò ń rà á fún, òfin tí wọ́n sì ṣe ní 2022 gbé ẹ̀wọ̀n ẹni tó bá ra ìbọn fún ẹni tí kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i dé ọdún 15. Ìyàwó mi dá mi lóhùn láti yàrá ìdáná pé òun ò ní máa gbé oúnjẹ wá sẹ́wọ̀n fún ẹnì kankan. Àwọn tó ń bi mí bóyá wọ́n lè kó páátì ẹ̀ sínú kọ̀nténà wálé, ẹ jọ̀ọ́, òfin ìbọn Nàìjíríà ti 1959 ò gba ará ìlú láyè láti ṣe ìbọn tàbí láti tò ó, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn síbẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo ní iṣẹ́ lọ́dọ̀ bàbá òyìnbó yẹn, àbúrò bá mi lọ. Bàbá ti tò ó tán, àmọ́ ó tún ti tú u, ó ní nǹkan kan ń dún nínú ẹ̀ tí ò tẹ́ òun lọ́rùn, ni lower yẹn wá wà lóun nìkan lórí táwẹ́lì. Bàbá rí i pé ọmọ yìí ń wò ó, ó gbé e, ó nà án sí i, ó ní kó wò ó dáadáa. Àbúrò mi ti ká ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn kí bàbá tó sọ̀rọ̀ tán.